Fáàfù Abẹ́ Táǹkì Tó Ń Jò

Ẹ má tíì ra fáàfù tuntun. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó ń jò, kí ẹ wo ibi tí omi ti yọ.

Ìdí ọwọ́ róbótó tí a fi ń yí i ló wọ́pọ̀ jù. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ òwú tó ń dí omi mọ́ ọ̀pá ọwọ́ náà. Bí a ṣe ń yí i lójoojúmọ́ ni òwú ń jẹ. Ẹ fi sípánà fún nọ́ọ̀tì náà ní ìdámẹ́rin ìyípo péré. Bí omi bá dá, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fún un jù, ọwọ́ fáàfù á le, kò ní í ṣeé yí.

Bí kò bá dá, òwú ti tán nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí táǹkì wà lórí òpó, ní Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, kò sí fáàfù mìíràn lókè èyí, nítorí náà ẹ dúró dìgbà tí táǹkì bá ku díẹ̀, kí ẹ má sì tíì tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kànga ń fà, kò yẹ ká da omi táǹkì kan nù nítorí òwú! Ẹ gbe ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ tú ọwọ́ fáàfù, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi abẹ́rẹ́ họ òwú àtijọ́ kúrò. Ẹ gé téèpù funfun àwọn púlọ́ḿbà bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ lọ́ ọ bí okùn, kí ẹ wé e mọ́ ọ̀pá ní ìgbà 3 tàbí 4, síhà tí nọ́ọ̀tì ń gbà dè. Bí ẹ bá wé e sí òdìkejì, nọ́ọ̀tì ni yóò máa tú u bí ẹ bá ń dè é.

Bó bá jẹ́ ojú ibi tí páìpù ti wọ inú fáàfù ló ń jò, ẹ gbe omi táǹkì kúrò bíi ti òkè yìí, ẹ tú u, ẹ họ téèpù àtijọ́ kúrò, ẹ wé tuntun ní ìgbà 8 sí 10. Sípánà méjì ni kí ẹ lò: ọ̀kan á di páìpù mú, ìkejì á yí fáàfù. Bí a kò bá di páìpù mú, ojú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nísàlẹ̀ á sán. Páìpù oníke kò fẹ́ agbára.

Bí ẹ bá ti fáàfù tán tí omi ṣì ń kọjá, iyanrìn ló há sí i. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi inú ilé sílẹ̀, kí ẹ máa ṣí fáàfù kí ẹ máa tì í léraléra, kí omi gbá a jáde. Bí kò bá gbọ́, abẹ inú rẹ̀ tó ń dí omi ti jẹ. Ẹni tó ń ṣí i dé ìdajì ló máa ń bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹ ṣí i tán tàbí kí ẹ tì í tán. Fáàfù oníbọ́ọ̀lù, èyí tí bọ́ọ̀lù oníhò ń yí nínú rẹ̀, ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, nítorí kò ní kòtò ìsàlẹ̀ tí iyanrìn ń kó sí. Ẹ wọn páìpù kí ẹ tó lọ ra á. Íǹṣì kan yàtọ̀ sí íǹṣì ¾.

Ẹ tún un wò nígbà tí táǹkì bá kún, torí ìgbà náà ni omi ń fi agbára tẹ fáàfù jù.