Ìbọn ìléwọ́ mi ò há mọ́

Ní Houston ni mo ti ra ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1980. Kì í yin ju ọta mẹ́rin lọ kó tó há. Magasíìnì, ìyẹn ibi tí ọta ń wà nínú rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí.

Mo kó ọta inú rẹ̀ kúrò, mo tú u, mo sì fi ìka pa ojú ibi tí slide, ìyẹn irin òkè ìbọn tó máa ń sún síwájú sẹ́yìn, ń gbà kọjá. Ó ń họ mí lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Bí irú irin yìí méjì bá le dọ́gba, tí wọ́n sì ń ra ara wọn, wọ́n á máa jẹ ara wọn, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra. Auto Mag tó jáde ní Pasadena ní California ní 1971 àti Hardballer ti ilé iṣẹ́ AMT ní 1977 wà lára àwọn ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irin yìí ṣe. Nígbà tó yá ni àwọn aṣèbọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí líle slide yàtọ̀ sí ti férémù, ìyẹn ara ìbọn tí slide ń sún lórí rẹ̀.

Mo fi òkúta ìpọ́nrin tó kúnná ra kìkì ibi tó ta ṣóńṣó, díẹ̀díẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo fi gírísì tó ki sí i dípò ọ́ìlì tó ń ṣàn, mo sì fi sípíríǹgì tuntun sí i. Ọgọ́rùn-ún ọta ni mo yìn, kò há lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ìta rẹ̀ o. Àmì tí ilé iṣẹ́ fín sí i ni àwọn tó ń kó o jọ kọ́kọ́ ń wò. Sípíríǹgì àtijọ́ náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀.