Bí Mo Ṣe Yẹ Jínótáìpù Bíńgò Wò

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ọmọ wa bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ṣebí a máa ń bi í bóyá AA ni àbí AS? Ohun tí mo ṣe fún Bíńgò, akọ Alsatian mi, nìyẹn, kí ó tó gun abo kankan.

Bàbá tó bí i ló là mí lójú. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí èékánná rẹ̀ ń ha sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ kò ké ìrora. Nígbà tó yá, kò lè dìde mọ́. Dókítà ẹranko ní ó jọ degenerative myelopathy (DM), àrùn tó ń jẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí kò gbóògùn. Ọdún 2009 ni wọ́n rí àbùkù jíìnì SOD1 tó wà nídìí rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi mú àyẹ̀wò jíìnì náà lọ. Igi olówùú méjì péré ni: mi ò fún Bíńgò lóúnjẹ fún wákàtí kan, mo fi òwú náà ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, mi ò sì fọwọ́ kan orí òwú náà. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé tútù ni mo fi wé e sínú ọ̀rá. Ó bu! Wọ́n ní kí n tún òmíràn ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, mo sá a sí atẹ́gùn títí ó fi gbẹ, mo wá fi í sínú àpòòwé.

Èsì dé: N/DM, ìyẹn jíìnì kan tó dára (N), ọ̀kan tó ní àbùkù (DM). AS nìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ ṣàìsàn náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gun AS bíi tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gba DM méjì. Kì í ṣe gbogbo ajá tó gba méjì ló ń ṣàìsàn, àmọ́ ta ló fẹ́ dán an wò?

Ẹ̀gbọ́n tó ni abo fárígá. "Àbúrò, ajá náà ti ń ṣe jínótáìpù?" Èmi ni mo sanwó. N/N ni abo.

Ọmọ méje ló bí. Kò sí èyí tó lè gba DM méjì. (Àrùn egungun ìbàdí yàtọ̀ o, X-ray ló ń fi ìyẹn hàn.) Mo fi ìwé èsì lé oníbàárà àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ó wò ó lókè lódò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa ń gbó dáadáa?"