Bí a ṣe ń ṣe hash ẹrù ìbéèrè nínú Python kí a tó fọwọ́ sí i

Bí oníṣòwò gàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ kí ètò Python rẹ̀ máa kó àkọsílẹ̀ ọjà pamọ́ sí S3, ibi ìpamọ́ fáìlì orí ayélujára ti Amazon, ìbéèrè tí ètò náà ń fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí ní ìlànà Signature Version 4, ìlànà tí Amazon fi ń mọ ẹni tí ó fi ìbéèrè ránṣẹ́. Hash SHA-256 (àmì kúkúrú tí a ṣírò láti inú dátà, tí ó máa ń yí padà bí dátà náà bá yí padà) ti ẹrù, ìyẹn dátà tí ìbéèrè náà gbé, wà lára ohun tí a ń fọwọ́ sí: òun ni ìlà ìkẹyìn nínú canonical request (ìbéèrè náà tí a tò ní ọ̀nà kan pàtó kí a tó fọwọ́ sí i), a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú x-amz-content-sha256, ọ̀kan lára àwọn header tí ó ń ṣáájú ẹrù, pẹ̀lú.

Báìtì ni hashlib ń gbà, kì í gba ọ̀rọ̀ lásán. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a sọ àkọsílẹ̀ náà, tí a pè ní iwe níbí, di báìtì:

eru = json.dumps(iwe, ensure_ascii=False).encode("utf-8")
hash_eru = hashlib.sha256(eru).hexdigest()

Àmì 64 ni yóò jáde. Bí ìbéèrè kò bá gbé ẹrù kankan, hash ti b"" ni a ó lò, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e3b0c442. A kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ìgbà tí a bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra jù. Nínú requests, àkójọ kóòdù Python tí a fi ń fi ìbéèrè ránṣẹ́, data=eru ni kí a kọ. Bí a bá kọ json=iwe, requests yóò tún àkọsílẹ̀ náà ṣe fúnra rẹ̀, yóò sọ àwọn lẹ́tà olóhùn inú "Ìjẹ̀bú" di kóòdù \u, S3 yóò sì dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe XAmzContentSHA256Mismatch, nítorí pé báìtì tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ ni a ṣe hash rẹ̀. Ó tún yẹ kí àwa tí a ń fi àmì sí èdè wa mọ̀ pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà alámì kan náà ju ẹyọ kan lọ: ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n hash wọn kò dọ́gba. Bí a bá fẹ́ lo unicodedata.normalize, tí ó ń sọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí di ẹyọ kan, ṣáájú encode ni kí a lò ó, kí ó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣe hash tán.

Ní ti fáìlì ńlá, "rb" ni kí a fi ṣí i, kí a lè kà á gẹ́gẹ́ bí báìtì. Láti Python 3.11 ni hashlib.file_digest ti wà fún ṣíṣe hash irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́dọ̀ pe f.seek(0), kí kíkà lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kí a tó fi í ránṣẹ́. S3 máa ń gba UNSIGNED-PAYLOAD dípò hash lórí HTTPS, ṣùgbọ́n n kò ní gbà á níyànjú fún àkọsílẹ̀ owó, nítorí pé ìfọwọ́sí náà kò ní dé orí ohun tí ó wà nínú ẹrù mọ́.