Ohun Tí Kò Yẹ Ká Gbé Lé Fóònù Nìkan Lọ́wọ́

Ẹni tó bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kùtù, ẹja ni yóò kọ́kọ́ rí: ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà, àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú báàfù. Lẹ́yìn náà ni yóò kíyè sí i pé fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù kọ̀ọ̀kan. Kí GSM tó dé lọ́dún 2001, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja, àfi kó wọkọ̀ wá. Lónìí, àwòrán ẹja á ti dé orí WhatsApp oníbàárà kí oòrùn tó yọ. Ire ńlá ni, mi ò ní bú u. Àmọ́ ohun tí à ń gbé lé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ti pọ̀ jù, ó sì ń ṣe wá lọ́ṣẹ́.

Ẹ má ka àlẹ́ẹ̀tì sí owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni, ẹni tó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀ lè fi orúkọ báńkì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja níbẹ̀ ti kó agbọ̀n ọ̀bọ̀kún kan fún ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ rí. Fóònù dún, ó rí iye owó, ó rí orúkọ báńkì rẹ̀, ó ní kí oníbàárà máa lọ ire. Ìrọ̀lẹ́ tó fẹ́ sanwó fún àwọn apẹja ló tó mọ̀ pé kọ́bọ̀ ò wọlé. Mo wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra mi. Iye tó ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì, tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ pátápátá, ló tú u fó, torí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ta ló fẹ́ wo ibẹ̀ nígbà tí oníbàárà mẹ́ta dúró tì í? Inú àkáǹtì gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò, yálà lórí áàpù tàbí pẹ̀lú kóòdù báńkì yín, kí ẹja tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ á dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo owó yín wà lórí fóònù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé òfuurufú nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Fóònù ń bá òpó sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ òkun ni ọ̀rọ̀ wa ń gbà dé òkè òkun. Lọ́jọ́ náà, áàpù báńkì kọ̀, ó lóun ò ṣí, tiransífà há sójú ọ̀nà. Yìnyín ẹ̀gbọ́n mi ń yọ́, àwọn tó fẹ́ rajà dúró tì í, owó wọn wà ní báńkì. Ìdajì ẹja yẹn ló padà yan. Ó kéré tán, kí owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ọjọ́ méjì wà nílé.

Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sórí láìnì yín ńkọ́? Ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ààfáà yín. Àkáǹtì ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n ti jí ni wọ́n sábà máa ń fi tọrọ rẹ̀: "Jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí ẹ, bá mi dá a padà." Ẹ dá a padà tán, orúkọ yín ni wọ́n á máa fi yáwó lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tan Two-step verification, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí kejì tí ẹ̀yin fúnra yín máa yàn.

Ẹ má tan ọ̀rọ̀ ká torí pé ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn ló fi ránṣẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, òru ni wọ́n fi ìpè jí wa: ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Ìfẹ́ ló mú wọn pè. Omi iyọ̀ kì í dènà Ebola, àwọn kan sì kú torí pé wọ́n mu ún.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí à ń mú kúrò nínú orí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 19, sọ fóònù rẹ̀ nù nínú ọkọ̀ Ketu. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà na fóònù tirẹ̀ sí i pé kó pe ilé. Ó gbà á, ó ń wò ó. Kò mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Kò mọ ti bàbá rẹ̀, kò mọ tèmi. Ó fẹ́ wọ Facebook, àmọ́ orí láìnì tó sọnù náà ni kóòdù tí wọ́n fẹ́ fi dá a mọ̀ lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó wọlé, ojú ìyá rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi ẹfun kọ sára pákó ìsọ̀ rẹ̀ báyìí. Bí ọmọ náà bá wá bá a gbé báàfù láàárọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i létí láìwo pákó.