Ẹ Yà Á Sórí Bébà Ná: Dátábéèsì fún Ẹni Tó Ń Ra Kòkó

Bí ẹnì kan bá ní kí n ṣe dátábéèsì, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, fún òun ní Àkúrẹ́ níbí, ìwé ọjà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Àwọn tó ń ra kòkó ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, gbogbo wọn ló sì ní ìwé gbọọrọ kan: orúkọ àgbẹ̀, kílò, owó, ọjọ́, owó àsansílẹ̀. Ohun tí a nílò wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti dàpọ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ wa ni ká yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bébà, ká sì fi ìlà so wọ́n pọ̀.

Ọdún 1976 ni Peter Chen, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé ọ̀nà yíya àwòrán yìí jáde, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Edgar Codd ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ṣàlàyé bí a ṣe lè kó àkọsílẹ̀ sínú tábìlì. Chen ya àpótí fún ohun tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, dáyámọ́ǹdì fún ìbáṣepọ̀, àti róbótó fún àbùdá. Àpótí àti ìlà nìkan ni èmi ń lò, torí pé akọ̀wé tó wà nídìí òṣùwọ̀n náà gbọ́dọ̀ lè kà á.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ nǹkan tó wà nínú ìwé náà. Kí ẹ wá bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ohun tó dá dúró ni, àbí ó kàn ń sọ nípa nǹkan mìíràn? Àgbẹ̀ ní orúkọ, fóònù àti àdúgbò, torí náà ó ní àpótí tirẹ̀. Kílò kò dá dúró, àbùdá ni. Ìlú ló máa ń fa àríyànjiyàn. Bó bá jẹ́ orúkọ lásán, àbùdá àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní aṣojú ní Ìdànrè àti Ilé-Olújìí, tí owó ọkọ̀ ibẹ̀ sì yàtọ̀ síra, ìlú ti di àpótí nìyẹn.

Ẹ má fi orúkọ dá àgbẹ̀ mọ̀. Bàbá Táyọ̀ lè jẹ́ méjì, ẹni tó sọ fóònù rẹ̀ nù sì lè gba nọ́ńbà tuntun. Ẹ fún oníkálukú ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà.

Ìbáṣepọ̀ ló kàn, apá méjèèjì ni ẹ ó sì ti bi í. Ẹ̀ẹ̀melòó ni àgbẹ̀ kan lè wá ta kòkó? Láìmọye ìgbà. Àgbẹ̀ mélòó ló ni ìtajà kan? Ẹyọ kan. Nítorí náà, nọ́ńbà àgbẹ̀ ni yóò wọ inú àpótí ìtajà. Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀kan lè wà láìsí ìkejì: ẹni tó gba owó àsansílẹ̀ tí kò tíì kó kòkó wá ti wà nínú ìwé, àmọ́ kò sí ìtajà tí kò ní àgbẹ̀ tó ni ín.

Àpò ni ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù. Kòkó àgbẹ̀ kan lè jẹ́ kílò 20, ti ẹlòmíràn 200. Wọ́n á dà á pọ̀, wọ́n á tún sá a, wọ́n á sì dì í sí àpò oníkílò 62.5, tí 16 rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Àpò kan lè ti inú ìtajà mẹ́ta wá, ìtajà kan sì lè bọ́ sínú àpò mẹ́rin. Ìlà kan ṣoṣo kò lè gbé èyí. Ẹ ya àpótí kẹta sáàárín, kí ó ní nọ́ńbà ìtajà, nọ́ńbà àpò, àti iye kílò tó ti ìtajà yẹn bọ́ sínú àpò yẹn. Kílò yìí kì í ṣe ti ìtajà nìkan, kì í sì í ṣe ti àpò nìkan. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 lórí pípa igbó run ń béèrè ilẹ̀ tí wọ́n ti gbin kòkó. Àpótí kẹta yìí ló lè dáhùn, bí ẹ bá tún ya Oko sọ́tọ̀, tí ìtajà kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí oko rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iye owó kílò sínú ìtajà fúnra rẹ̀. Owó kòkó òní kì í ṣe ti ọ̀la. Bó bá jẹ́ ojú kan lẹ kọ ọ́ sí, tí ẹ ń yí i padà láràárọ̀, ìṣirò oṣù tó kọjá á bàjẹ́, owó àgbẹ̀ ni yóò sì dàrú.

Ẹ gbé àwòrán náà lọ bá akọ̀wé. Ní kó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan fún yín, kí ẹ máa fi ìka tọ́ ọ lórí bébà. Bí ìka yín bá dé ibi tí kò sí àpótí, ẹ yà á síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ tábìlì, ọ̀kan fún àpótí kọ̀ọ̀kan: Ìlú àti Àpò ṣáájú, nítorí wọn kò gbára lé nǹkan kan, Àgbẹ̀, Oko àti Ìtajà tẹ̀ lé e, àpótí kẹta yẹn gbẹ̀yìn.