Bí Mo Ṣe Dá Ohun Tí Wọ́n Yọ Padà Sára Lexus GX 470 Mi

Jíìpù mi jẹ́ Lexus GX 470 ti ọdún 2004, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì tó pọ̀ kọjá. Nígbà tí mo gbé e wọlé n'Íbàdàn, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí ni irú rédíò tí mo fẹ́ gbé sí i, àti bóyá n óò pààrọ̀ rímù rẹ̀ sí ńlá. Èmi ò tíì dé ibẹ̀ rárá. Lójú tèmi, kí á tó fi ohunkóhun kún ọkọ̀ olówó ńlá tó ti dàgbà, ohun tí wọ́n ti yọ lára rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ padà. Àwọn tó ṣe é ní Tahara, ní Jàpáánù, kò fi nǹkan kan síbẹ̀ lásán. Mo pinnu pé n kò ní ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan fún un títí gbogbo ohun tó sọnù yóò fi bọ́ sí àyè rẹ̀.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Mo gbé e sókè nínú ọgbà ilé, mo sì fi irin ìdúró sábẹ́ férémù rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. GX 470 wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo ń ya fọ́tò, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fáànù ńlá tó yẹ kó wà lójú ẹ́ńjìnnì kò sí. Fáànù oníná méjì ni wọ́n so mọ́ rédíétọ̀, wáyà wọn sì lọ tààrà sórí bátìrì láìní fíúsì. Wọ́n ti gé hóòsì híítà, wọ́n fi orí rẹ̀ kan ara wọn. Irin tó ń bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti lọ. Bálúù afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró ti là. Omi inú rédíétọ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ nítorí ìpẹtà. Nígbà tí mo tú ilé thermostat, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń pinnu ìgbà tí omi ẹ́ńjìnnì máa kọjá sínú rédíétọ̀, òfìfo ni mo bá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí thermostat yìí, torí òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ á gbóná jù lójú títì, mẹkáníìkì á ní oòrùn Nàìjíríà ò gba thermostat, á yọ ọ́ sọnù, ọkọ̀ á sì tutù fúngbà díẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná ṣì wà níbẹ̀, wàhálà mìíràn sì ti gun orí rẹ̀. Thermostat ẹ́ńjìnnì yìí máa ń ṣí ní nǹkan bíi dígírì 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá sí, omi á máa yí ká láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí i láàárọ̀ ni, á sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ́ìlì náà ò ní gbóná tó láti lé omi àti epo tó yọ́ wọnú rẹ̀ jáde. Scanner Bluetooth kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí mo so mọ́ fóònù, fi dígírì 68 hàn mí nígbà tí mò ń sáré lọ lójú ọ̀nà, ó sì gbé kóòdù P0128 jáde: omi ẹ́ńjìnnì ò dé ìwọ̀n tí thermostat yẹ kó gbé e dé. Ẹ́ńjìnnì V8 oní-lítà 4.7 rèé, tí táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 87. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló lágbára àtimáa jó epo dànù?

Kí ló wá mú un gbóná níjọ́ tí wọ́n yọ ọ́? Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni mo ti rí ìdáhùn, níbi tí hóòsì híítà ti ń wọ inú ọkọ̀. Rọ́bà líle méjì tó pín hóòsì sí méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ooru ọ̀pọ̀ ọdún á mú kí wọ́n gbẹ débi pé ìka lásán lè fọ́ wọn. Tí ọ̀kan bá fọ́, omi á tú jáde níbi tí ojú awakọ̀ ò tó, ọkọ̀ á sì gbóná kó tó mọ̀. Mo bá àjákù ọ̀kan nínú hóòsì tí wọ́n gé yẹn. Ohun tí kò wọ́n rárá ló bàjẹ́, wọ́n wá tìtorí rẹ̀ yọ híítà, wọ́n yọ thermostat, wọ́n yọ fáànù. Mo fi onídẹ sí i, mo sì ra hóòsì tuntun. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ GX 470 tàbí Land Cruiser 100, ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí.

Torí pé rédíétọ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà, mo pinnu láti ṣe timing belt pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìbámu. Toyota ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 144,000. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n ṣe tèmi kẹ́yìn, nítorí náà mo kà á sí pé wọn ò ṣe é rí. Araromi ní Agodi Gate ni mo lọ fún ẹ̀yà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn dárúkọ Lexus, ẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì 2UZ ni, torí òun náà ló wà nínú Land Cruiser 100, Sequoia àti Tundra oní-V8. Ẹ ó rí ọjà yíyàn púpọ̀ sí i. Èyí tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni mo rà, ti Aisin: bẹ́líìtì, páǹpù omi, àwọn rólà, àti èyí tó ń fa bẹ́líìtì le. Ẹ má pààrọ̀ bẹ́líìtì kí ẹ fi páǹpù ogbó sílẹ̀, torí bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí páǹpù náà.

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa, tó mọ Land Cruiser dunjú, wá dúró tì mí. Kí a tó tú bẹ́líìtì ogbó, a yí ẹ́ńjìnnì débi tí àwọn àmì rẹ̀ bá ara wọn mu, mo sì fi ọ̀dà funfun tọ́ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kámù ọ̀tún, kámù òsì (àwọn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), àti ìsàlẹ̀. Bóòtì tó di pọ́ọ̀lì ìsàlẹ̀ mú le kọjá sísọ, ọ̀pá gígùn ni a fi tú u. Fáànù ní ọwọ́ irin kan tó ń gbé e dúró, bíárìn sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ yí i tó ń hùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Bẹ́líìtì tuntun wọlé, àmì bá àmì, a sì yọ abẹ́rẹ́ tó há èyí tó ń fa bẹ́líìtì mọ́ra.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tanná sí i?"

Wọ́n ní, "Rárá o, àbúrò. Ọwọ́ la ó kọ́kọ́ fi yí i. Ibi tí ọwọ́ bá ti kọ̀, iná ò gbọdọ̀ débẹ̀."

A fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀mejì gbáko, a tún wo àwọn àmì náà, wọ́n ṣì bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà la wá dá bóòtì ìsàlẹ̀ padà, a fi sípánà tó ń wọn agbára dì í dé 245 Nm. Fáànù ńlá padà sí àyè rẹ̀, ti oníná kúrò. Mo fi omi mímọ́ fọ inú rédíétọ̀ títí omi tó ń jáde fi mọ́, mo wá rọ coolant pupa sí i dípò omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń bù sí i, torí coolant ló ń dá ìpẹtà dúró. Mo ṣí híítà sí gbígbóná pátápátá kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí n gbé e lọ, títí kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road lọ́sàn-án, ara ẹ́ńjìnnì ò kúrò láàárín 82 sí 92. P0128 ò sì padà wá mọ́.

Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ò gba agbára tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà máa ń dún "gbì" lábẹ́ tí mo bá dúró tí mo tún fẹ́ gbéra, ẹnì kan sì ti fẹ́ ta jíà fún mi nítorí rẹ̀. Gírísì ló ń wá. Ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn àti èyí tó ń yí tiwájú ní ojú ihò tí à ń fún gírísì sí. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ pé ó wà. Mo fi ìbọn gírísì fún gbogbo rẹ̀, ariwo náà sì dáwọ́ dúró. Ti bálúù ẹ̀yìn, àwọn kan ní kí n yọ ọ́, kí n fi sípíríǹgì sí i. Ọ̀nà tó dára nìyẹn fún ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, rọ́bà nìkan ló là, nítorí náà mo ra rọ́bà méjì tuntun. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀yìn sókè kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀. Bó ṣe ń lọ lórí kòtò òpópónà wa báyìí, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Lexus.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín lókè òkun ti jẹ férémù rẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, mo kun ún. Irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí mo rà ní Araromi náà padà síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbà kí àfikún wọlé. Mo fi sáńpépà 1000, 2000 àti 3000 ha ojú iná iwájú tó ti pọ́n, mo fọ́n ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ sì padà láìyí gílóòbù. Rewáyà bá mi fi kámẹ́rà sẹ́yìn àti ohun kékeré tí ń mú kí rédíò àtijọ́ gba orin láti orí fóònù. Táyà, 265/65R17 tó bá a wá ni mo rà, n kò gba rímù ńlá. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ló ń gba kòtò mọ́ra, rímù wúwo sì máa ń ni bíréèkì lára.

Èyí tó kù ni stíárìn: ọ́ìlì ti ń làágùn jáde lápá òsì rẹ̀. Mo ti ra rọ́bà rẹ̀. Tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ ọgbà sì gbẹ, n óò tún gbé e sórí irin ìdúró.