Bí mo ṣe gbé ọ̀dọ́ sẹ́ńtà họ́kì orí yìnyín kan yẹ̀ wò

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò gùn lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní OHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Ontario, ipò sẹ́ńtà, ìyẹn àárín iwájú, ló ń gbá, ọdún yìí sì ni ẹgbẹ́ kan ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lè mú un ní draft, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ìpele-ìpele. Ṣé ó lè fi họ́kì jẹun? Kí n wò ó, kí n kọ ohun tí mo bá rí, kí n sì sọ ìpele tó yẹ kí wọ́n ti mú un. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ọmọdé ni, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi máa tẹ̀ lé e káàkiri. Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀pọ̀ àwa tá a fẹ́ràn eré yìí máa ń ka gólì, a ó ka pọ́ìntì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Mi ò bi ara mi bóyá ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá kì í dé OHL. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú gbogbo nǹkan tó ń ṣe dáadáa láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀, èwo ni yóò ṣẹ́ kù nígbà tó bá dé iwájú àwọn àgbàlagbà tó lágbára jù ú, tí wọn kò sì ní fún un láyè láti mí?

Ọjọ́ orí ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá máa pé ọdún 18, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún draft, ni ẹgbẹ́ lè mú. Èyí já sí pé àwọn méjì lè wà nínú draft kan náà kí ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan gbáko ju èkejì lọ. Lọ́dọ̀ ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn kò tó nǹkan. Lọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí egungun rẹ̀ ti gbó àti ẹni tí èjìká rẹ̀ ṣì ń jáde bọ̀. Oṣù Keje ni wọ́n bí ọmọ tí mo ń wò, nítorí náà ó wà lára àwọn àbúrò. Mo kọ ọ́ sókè ìwé kí n má baà gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n ń tì í ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni mo wá tú pọ́ìntì rẹ̀ palẹ̀. Nínú họ́kì, gólì kan jẹ́ pọ́ìntì kan, ìrànwọ́ kan náà sì jẹ́ pọ́ìntì kan. Gólì kan lè fún ẹni méjì ní ìrànwọ́: ẹni tó gbé e fún ẹni tó gbá a wọlé, àti ẹni tó gbé e fún ẹni yẹn. Ìrànwọ́ kejì kì í ṣe ìrànwọ́ lásán nígbà gbogbo, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọmọ náà kàn fi ọ̀pá kan pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ní ìdajì pápá ni. Mo ya gólì sọ́tọ̀, mo ya ìrànwọ́ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, mo ya ìkejì sọ́tọ̀. Mo tún ya èyí tó rí nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pé márùn-ún-márùn-ún kúrò lára èyí tó rí ní power play, nígbà tí alátakò kan bá jókòó sínú àpótí ìjìyà tí àyè sì pọ̀ lórí yìnyín. Bí ẹgbẹ́ NHL bá mú un, kò ní rí power play gbá fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìràwọ̀ ló ni ín. Tí pọ́ìntì ọmọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wá látibẹ̀ tán, ohun tí a ń rà kò ní sí lọ́jà nígbà tó bá débẹ̀. Ti ọmọ yìí dáa: èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ wá nígbà márùn-ún-márùn-ún, gólì àti ìrànwọ́ àkọ́kọ́ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìṣírò kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń yí pọ́ìntì líìgì kan sí ti NHL, Gabriel Desjardins sì wà lára àwọn tó gbé e jáde. Mo lò ó, àmọ́ mi ò jẹ́ kó pàṣẹ fún mi. Ọmọ ọdún 17 tó ń bá àgbàlagbà gbá ní SHL ti Sweden tàbí Liiga ti Finland lè ní pọ́ìntì díẹ̀ nítorí pé kóòṣì kì í fún un ní àkókò, síbẹ̀ díẹ̀ yẹn lè wúwo ju ọ̀pọ̀ tí ọmọ mìíràn kó jọ láàárín àwọn ọmọdé.

Ẹni tó bá rò pé àwọn tó ń yan ọmọ ti mọ gbogbo rẹ̀, kó lọ wo draft ọdún 1999. Atlanta Thrashers mú sẹ́ńtà kan, Patrik Stefan, ṣíwájú gbogbo ènìyàn. Ìfarapa wà nínú ìtàn rẹ̀, kò sì jìnnà: eré 455 ní NHL, pọ́ìntì 188. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹni 210 ni Detroit mú Henrik Zetterberg, ó sì gbá eré 1,082, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Conn Smythe ní 2008 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dára jù nínú ìdíje àṣekágbá, ìyẹn gbogbo eré tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn sáà láti mọ ẹgbẹ́ tó máa gba ife. Kì í ṣe pé àwọn tó yàn wọ́n kò ní ojú. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń wò, ohun tí wọ́n sì ń wá nínú rẹ̀ kò tíì yọ tán.

Ìgbà tí mo wá lọ wò ó ní pápá gan-an ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fídíò dáa, mo wo púpọ̀, àmọ́ kámẹ́rà máa ń tẹ̀ lé pọ́ọ̀kì, ibi tí pọ́ọ̀kì kò sí sì ni sẹ́ńtà ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Wíńgà lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Adìlémú ní ibi tirẹ̀. Sẹ́ńtà ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé iwájú gólì ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ran àwọn adìlémú lọ́wọ́, òun náà ló tún gbọ́dọ̀ wà láàárín nígbà tí wọ́n bá ń sá lọ síwájú. Nítorí náà mo jókòó sókè níbi tí mo ti lè rí gbogbo pápá, mo sì kọ̀ láti wo pọ́ọ̀kì. Ọmọ náà nìkan ni mo ń wò, láti ìgbà tó bá fò wọlé títí dìgbà tó bá padà sórí bẹ́ǹṣì.

Faceoff ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè. Rẹfirí á ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀ láàárín sẹ́ńtà méjì, wọ́n á sì jà sí i. Wọ́n á ka iye tí ọmọ kan gbà nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi pè é ní akọni tàbí ọ̀lẹ. Èmi fẹ́ mọ ẹni tó dojú kọ, ẹ̀gbẹ́ pápá tó wà, nítorí ọwọ́ tí ènìyàn fi ń di ọ̀pá mú máa ń mú kí ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èkejì, àti ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀pá lélẹ̀. Ní NHL, tó bá jẹ́ ìtòsí gólì ni, ẹni tó ń dáàbò bo gólì ló máa kọ́kọ́ fi ọ̀pá lélẹ̀, ìyẹn sì fún ẹnìkejì ní àǹfààní díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ yìí dojú kọ sẹ́ńtà kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọdún rẹ̀ ní líìgì náà, ọkùnrin gìrìwò. Ó pàdánù méjì léra wọn, kíá ni pọ́ọ̀kì ń fò kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, mo rí i tó sún ọwọ́ ìsàlẹ̀ mọ́ abẹ́ ọ̀pá, tó yí àtẹ́lẹwọ́ padà, tó tẹ orúnkún ba. Bí pọ́ọ̀kì ṣe balẹ̀, kò wá a rárá. Ọ̀pá ẹnìkejì ló gbá lù, ó há a mọ́lẹ̀, ó fi ìbàdí dí ọkùnrin náà lọ́nà, wíńgà rẹ̀ sì sáré wọlé wá kó pọ́ọ̀kì lọ. Nínú ìwé ìṣirò, wọ́n kàn kọ ọ́ pé ó gbà á ni. Ohun tí mo kọ ni pé ó wá ọgbọ́n mìíràn láàárín eré, láìsí kóòṣì tó sọ fún un.

Nǹkan kejì tó dá mi lójú ni ojú rẹ̀. Alátakò ń gbé pọ́ọ̀kì yípo ní igun, lẹ́yìn gólì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà dúró láàárín ẹni tó ń ṣọ́ àti gólì, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí yìnyín ní ọ̀nà ibi tí wọ́n lè gbé pọ́ọ̀kì gbà. Kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bojú wẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó ti bojú wẹ̀yìn lápá òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Nígbà tí adìlémú rẹ̀ já pọ́ọ̀kì gbà tó sì tì í sí i, kò dì í mú: ìfọwọ́kàn kan, ó ti dé ọ̀dọ̀ wíńgà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti jáde kọjá ìlà búlúù, ààlà agbègbè gólì tiwọn. Ẹni tó máa gbá a mọ́ ògiri ti wà níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí pọ́ọ̀kì dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó máa gbé e fún ni, ó ti parí. Èyí ni mo gbà pé ó máa bá a gòkè, nítorí kò gbára lé pé ó tóbi tàbí pé ó yára ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Àmọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo yí padà. Ṣíífù kan, àkókò tí ẹnì kan fi ń wà lórí yìnyín kó tó padà sí bẹ́ǹṣì, kì í sábà ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ. Tí tirẹ̀ bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, orúnkún rẹ̀ á nà, á jẹ́ kí síkéètì, bàtà onírin orí yìnyín, máa gbé òun lọ, ojú rẹ̀ á sì dúró sójú kan. Mo rí i léraléra ní ìpele kẹta eré, èyí tó kẹ́yìn. Sẹ́ńtà tó sinmi ẹsẹ̀ láàárín pápá ti ṣílẹ̀kùn fún alátakò, ẹgbẹ́ NHL kò sì ní kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ náà kò tíì tó. Ó nà ró jù nígbà tó bá ń gbéra, agbára sì ń ṣòfò. Tó bá ti gbéra tán, ó dára, ó sì mọ bí a ti ń fi etí síkéètì yí. Mi ò jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà mí jù, nítorí Brayden Point. Ẹni 79 ni Tampa Bay mú un ní 2014, wọ́n ń sọ pé ó kéré, wọ́n sì ń ṣiyèméjì sí ìrìn rẹ̀ lórí yìnyín. Ó bá Barbara Underhill ṣiṣẹ́, obìnrin tó gba ife àgbáyé ijó orí yìnyín oníméjì pẹ̀lú Paul Martini ní 1984. Tampa Bay gba Stanley Cup, ife NHL, ní 2020 àti 2021, Point sì gbá gólì 14 wọlé nínú ìdíje àṣekágbá ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní sáà 2022–23 ó gbá 51 wọlé. Ẹsẹ̀ ṣeé tún ṣe bí ọmọ bá gbà kí wọ́n kọ́ òun. Orí tí kò bojú wẹ̀yìn, mi ò tíì rí ẹni tó rọrùn fún láti tún un ṣe.

Bó ṣe ń gbá pọ́ọ̀kì sí gólì kò burú, kò sì dẹ́rù bani. Mo kọjá níbẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣòro jù ni bóyá yóò máa gbá sẹ́ńtà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ sẹ́ńtà ní líìgì ọ̀dọ́ ló ń di wíńgà tí wọ́n bá gòkè, nítorí pé àwọn kóòṣì kò fọkàn tán wọn níwájú gólì ara wọn. Ìfọkàntán yẹn ni Patrice Bergeron fi wọlé. Boston mú un ní ipò 45 ní 2003, ó sì ti ń bá wọn gbá ní sáà yẹn gan-an ní ọmọ ọdún 18. Ó gba Selke lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún agbáwájú tó mọ ìdáàbòbò jù, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ọmọ yìí jẹ́ Bergeron. Mo sọ pé ohun tó mú kí kóòṣì fi ọmọdé síbẹ̀ wà lára rẹ̀. Kóòṣì rẹ̀ ń fi í gbá nígbà tí wọ́n bá fi gólì kan ṣíwájú tí àkókò sì ń tán lọ, mo sì ka ìyẹn sí ẹ̀rí tó ju ọ̀rọ̀ ìyìn tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi lọ.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ nìyí: sẹ́ńtà gidi ni, kì í ṣe wíńgà tó ń ya àárín lò. Àwọn agbáwájú ẹgbẹ́ kan máa ń wọlé ní ìlà-ìlà, ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn tó dára jù ló sì wà ní ìlà àkọ́kọ́. Mo rí i gẹ́gẹ́ bí sẹ́ńtà ìlà kẹta ní NHL, tí ó lè dìde sí ìlà kejì bí ìgbéra rẹ̀ bá tún ṣe. Kí wọ́n mú un ní ìpele kejì nínú méje, kí wọ́n má sì retí rẹ̀ kíákíá. Láti sáà 2025–26, NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásitì Amẹ́ríkà, ti ń gba àwọn tó ti gbá ní OHL, mo sì dá a lábàá pé kí ó lọ sí yunifásitì lẹ́yìn ọdún kan sí i ní líìgì rẹ̀. Eré wọn kò pọ̀ tó ti OHL, àkókò tó máa fi gbé irin láàárín ọ̀sẹ̀ yóò pọ̀, àwọn tó máa dojú kọ yóò sì dàgbà jù ú. Kí ẹni tó bá tún máa lọ wò ó lẹ́yìn mi má ka pọ́ìntì. Kó wo orúnkún rẹ̀ ní ìpele kẹta, nígbà tí ṣíífù rẹ̀ bá ti kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 45.